Ọ̀pá Aláṣọ Pupa Ìlú Ẹ̀ẹ̀rùnkòdé

Ẹ máa ráhùn. Ẹ ká ara yín kò bí òkété inú ihò, ẹ ń fẹ́ èémí sọ́wọ́, ẹ sì ń pe ọyẹ́ kékeré àárọ̀ yìí ní òtútù. Ẹ̀yin kan tiẹ̀ ń fi Ìyá Ṣíjúwadé ṣe yẹ̀yẹ́, pé ọyẹ́ ti dì í mọ́lé, pé ilẹ̀kùn rẹ̀ tó kọjú sí wa yìí kò tíì ṣí. Ẹ sún mọ́ iná. Ìwọ tí o jókòó ti ààrò, yí iṣu yẹn padà kó má jóná, kí n sì sọ ohun tí òtútù ń jẹ́ fún yín.

Èmi Ọdẹ́rìndé tí ẹ ń wò yìí, mo ti gun igi ìrókò rí tí ẹfọ̀n dúró dè mí nísàlẹ̀ títí ọ̀rọ̀ náà fi sú ẹfọ̀n, tó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀rù kò bà mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi Ọdẹ́gbàmí sọ ìtàn yìí fún mi, mo dìde lọ wá aṣọ bora, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni, inú oòrùn la sì jókòó sí. Ọ̀gá mi ló rìn ìrìn náà, kì í ṣe èmi. Bó bá jẹ́ èmi ni, ìtàn náà ì bá kúrú, nítorí ǹ bá ti yìnbọn fún òtútù náà kí n sì gbé e wálé fún yín.

Ọdẹ́gbàmí ní ọmọ kan ṣoṣo, Àwẹ̀ró. Ọjọ́ tí wọ́n bí Àwẹ̀ró ni ìyá rẹ̀ kú, lórí ìkúnlẹ̀, Ọdẹ́gbàmí sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n ní kí ọkùnrin má wọlé. Ó fi ẹ̀yìn pọn ọmọ náà wọ igbó ọdẹ títí ó fi ga. Nígbà tó dàgbà tán, ta ló wá fẹ́ ẹ bí kò ṣe Òtútùkòpamí, ọkùnrin kan tó ń gbé awọ onírun wá tà láti Ẹ̀ẹ̀rùnkòdé, ìlú tó wà lẹ́yìn igbó iwin. Ọkùnrin náà kò burú, àfi pé bó bá jókòó síbi òjìji ní ìlú wa, òógùn a máa dà lára rẹ̀. Ó máa ń sọ pé ní ìlú tòun, òjò máa ń dì kó tó balẹ̀, tí yóò sì ga ju ilé lọ. Ọdẹ́gbàmí gbọ́ ọ, ó ṣe bí ẹni tó gbà, ó kà á sí irọ́ ẹni tó ń wá ìyàwó.

Wọ́n lọ. Ọdún yí po. Lọ́jọ́ kan, oníṣòwò kan mú àrokò dé láti ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró: kànìnkànìn kékeré tí wọ́n fi aṣọ pupa dì. Kànìnkànìn kò ní ìtumọ̀ méjì. Àwẹ̀ró lóyún, ó ń wá ẹni tí yóò wẹ ọmọ fún un. Aṣọ pupa ni Ọdẹ́gbàmí kò bèèrè ìdí rẹ̀. Ó ní bóyá aṣọ tí Àwẹ̀ró rí nítòsí ló fi dì í.

Ìdààmú dé. Ìyá aboyún ló ń lọ wẹ ọmọ tuntun, ìyá Àwẹ̀ró kò sì sí láyé. Àwọn obìnrin àdúgbò jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, èyí tó dàgbà jù nínú wọn sì ní bí a kò bá rí àdán, òòbẹ̀ la ó fi ṣẹbọ, kí Ọdẹ́gbàmí fúnra rẹ̀ lọ. Wọ́n kọ́ ọ ní ọmọ wíwẹ̀. Iṣu ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Akọni tó ń ta erin lójú jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbé iṣu lé e, ó ń fọ iṣu, ó ń fi òrí pa iṣu, ó ń di iṣu mú lórí kó má baà ṣẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Gbogbo ìgbà tó bá já bọ́ ni ẹ̀rù ń bà á.

Ó di ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn àti igbá òrí sínú ẹrù, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó jáde. Ìbẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bá a rìn: kí ìkúnlẹ̀ tó mú ìyá má mú ọmọ.

Ìpẹ̀kun igbó tí àwa mọ̀ ni igbó iwin ti bẹ̀rẹ̀. Iwin kan ń ṣọ́ ẹnu bodè rẹ̀. Iwájú iwin yìí tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sójú, kò símú. Ìpàkọ́ ni ẹnu rẹ̀ wà, ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ a sì máa dọ̀bálẹ̀ fún ìpàkọ́. Ọdẹ́gbàmí dọ̀bálẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Iwin kí i, ó sì pa àlọ́ fún un, pé kí ló ń bọ̀ láti òkè tí kò lo àkàbà, tó bo ọba tó bo ẹrú, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọdẹ́gbàmí rò ó, ó ní oorun ni.

Iwin ní ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n oorun ni òun ń sọ, yóò sì rí i láìpẹ́. Nítorí pé kò gbà á, yóò fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú ohun mẹ́ta kó tó kọjá: ìbọn rẹ̀, ẹrù rẹ̀, tàbí ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀.

“Bí mo bá jẹ́ ìwọ,” ni ìpàkọ́ wí, “ẹ̀kọ́ ilé ni mo máa fi sílẹ̀. Níbi tí ò ń lọ, ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé lè gba ọmọ rẹ lọ́wọ́ rẹ.”

Inú bí Ọdẹ́gbàmí. Ó ní kí ni ó kù lára ènìyàn bó bá ti ju ẹ̀kọ́ ilé nù. Ẹrù ńkọ́? Ẹrù náà ni ìrìn. Ló bá sọ ìbọn kalẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ọdẹ fi ìbọn sílẹ̀ sínú igbó iwin nítorí kànìnkànìn. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tó ro ìyà, tó bá pẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ, ọ̀gá mi kò sì tíì rí ìyà kankan.

Lẹ́yìn igbó náà ni òkè kan wà tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń jẹ́ Jẹtíjẹtí. Etí ènìyàn ni oúnjẹ rẹ̀. Ọdẹ́gbàmí kò tíì gun òkè náà dé ìdajì tí afẹ́fẹ́ fi bu etí òsì rẹ̀ jẹ, tó dá a padà, tó tún bu tọ̀tún. Ọdẹ́gbàmí tú ẹrù, ó bu òrí, ó fi pa etí méjèèjì. Jẹtíjẹtí tún dé, eyín rẹ̀ yọ̀ kúrò lórí òrí. Ó gbìyànjú títí, ó ń yọ̀, ó fi ìbínú kọjá lọ. Ẹlòmíì á jó ijó ìṣẹ́gun níbẹ̀. Igbá òrí ni Ọdẹ́gbàmí ń wò ní tirẹ̀, nítorí ó ti dín kù, ti ọmọ tuntun sì ni.

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ lódìkejì, kò rí ilẹ̀ mọ́. Ibi gbogbo funfun, kò sí igi, kò sí koríko, kò sí ojú ọ̀nà. Ó kọ́kọ́ rò pé èlùbọ́ ni ẹnìkan sá. Ó bu díẹ̀ tọ́ wò, ó di omi lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà náà ló rántí àna rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òjò dídì rèé, pé òun ni iwin fi pa àlọ́, pé ọkùnrin náà kò parọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rì dé orúnkún. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó ń gbọ́ ọkàn ara rẹ̀.

Ó rìn títí, ó rí ọparun gígùn tó yọ orí láti inú funfun náà, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọ́n so àkísà funfun mọ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ilé kankan lójú. Ẹ̀yin náà, kí lẹ máa rò? Bí ẹ bá rí ọ̀pá tí wọ́n so àkísà mọ́ ní oko olóko, ṣé kì í ṣe ààlè ni? Àwọn àgbà ní ọmọ àlè ní í rí ààlè tí kì í wárìrì. Ọdẹ́gbàmí ní oko ẹnìkan nìyí, pé iwájú ni ìlú wà. Ó fara balẹ̀, ó ń gba àárín wọn kọjá, kò jẹ́ kí aṣọ òun kan ọ̀kankan.

Ìgbà náà ló rí ọ̀pá kan tí àkísà tirẹ̀ pupa. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ewé kò sí tí ì bá mì, síbẹ̀ ọparun náà ń mì. Ó ń mì lọ, ó ń mì bọ̀, nǹkan kan sì ń dún nísàlẹ̀ ilẹ̀, kọ́, kọ́, kọ́. Ó ti rí ààlè tó lágbára rí, kò rí èyí tó ń sọ̀rọ̀. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọ̀pá náà, ó ní òun júbà olóko, òun kò wá jí nǹkan, ọmọ òun lòun ń wá lọ. Ó dìde, ó yà fún un, ó gba ọ̀nà jíjìn kọjá. Bó ṣe bojú wẹ̀yìn, ọ̀pá náà ṣì ń mì. Ó mì títí tí kò fi rí i mọ́.

Ní ẹsẹ̀ òkè kan tó ga fíofío ló ti rí ènìyàn. Obìnrin àgbàlagbà kan ló so asẹ́ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kó má baà rì, ó ń fi ṣọ́bìrì onígi wú òjò dídì kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọdẹ́gbàmí kí i kú iṣẹ́. Obìnrin náà kí i kú ewu. Ìyá Kògbàgbé lorúkọ rẹ̀, òun sì ni olórí àwọn tó ń wú ilé ní àdúgbò náà. Nígbà tó gbọ́ pé bàbá Àwẹ̀ró ni, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ọkọ Àwẹ̀ró lọ gé igi ìdáná kí òjò tó ká a mọ́ ọ̀hún, ṣùgbọ́n àwọn ń wú ilé bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn á dé ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró láìpẹ́. Ó wá bèèrè bóyá àlejò rí àkísà pupa kankan lójú ọ̀nà.

“Mo rí ọ̀kan, ìyá,” ni Ọdẹ́gbàmí dáhùn, ó sì fi díẹ̀ yangàn. “Ó tiẹ̀ ń mì. Ṣùgbọ́n wọ́n tọ́ mi dáadáa nílé. Mi ò fọwọ́ kàn án.”

Ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Kògbàgbé.

“Ilé ló wà lábẹ́ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan,” ló wí. “Inú ọparun yẹn la ti ń mí. Bí àkísà bá funfun, àlàáfíà ni. Bó bá pupa, a ní ẹ wá wú wa, ẹ̀mí fẹ́ bọ́. Nínú àwọn ilé tí a kò tíì dé lápá ibi tí o gbà wá, ti Àwẹ̀ró nìkan ni aboyún wà.” Ó mú ṣọ́bìrì rẹ̀ nílẹ̀. “Òótọ́ ni pé àjèjì lójú, kò fi ríran.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà tó yé Ọdẹ́gbàmí. Aṣọ pupa tí wọ́n fi dì kànìnkànìn ló ń wò lọ́kàn. Ọmọ náà ti kọ́ ọ ní èdè ìlú yìí kó tó kúrò nílé, òun ni kò bèèrè. Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹlẹ̀, ó sì ti gba orí òrùlé ọmọ rẹ̀ kọjá, ó kí i, ó sì lọ.

Ìyá Kògbàgbé di ọ̀pá ilé tó ń wú mú, ó mì í kíkankíkan. Láti ọ̀pá dé ọ̀pá, mímì náà ń lọ. Àwọn ènìyàn ń jáde nínú ilẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì wọn, kò sí ẹni tó bèèrè ilé ta ni. Òfin Ẹ̀ẹ̀rùnkòdé ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ìta, ẹnu ọ̀nà aládùúgbò ni yóò wú kó tó wo àgbàlá tirẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó lè ti inú ilé wú ara rẹ̀. Òfin kejì ni pé a kì í pariwo. Òkè tó wà lórí ìlú ru òjò dídì bí ẹni tó ru omi kún àmù, ohùn kan péré sì lè mú kó dà á lé wọn lórí. Ọdẹ́gbàmí fẹ́ pe orúkọ ọmọ rẹ̀, kò lè pè é. Ó ní nínú gbogbo ìrìn náà, ìyẹn ló le jù.

Òjò mìíràn sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó bo ipa ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ọ̀pá aláṣọ pupa kò sí. Ó ti ṣẹ́, tàbí ó ti bò, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ibi gbogbo rí bákan náà. Wọ́n tò ní ọ̀wọ́, wọ́n ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí bí wọ́n bá gún un jù, òrùlé lè wó lu aboyún. Oòrùn ń lọ. Ọdẹ́gbàmí ń gún, ó tún ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kò lè wọ̀.

Ibẹ̀ ló ti rántí òkété. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, inú ọjà lẹ ti mọ òkété. Ọdẹ mọ̀ pé ihò tí òkété bá wà nínú rẹ̀ máa ń mí. Bí a bá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí ẹnu rẹ̀, a máa mọ̀ bóyá onílé wà nílé. Ó fi ọwọ́ bẹ gbogbo wọn kí wọ́n dúró. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé òjò dídì. Kò sí nǹkan. Ó fà síwájú, ó tún dọ̀bálẹ̀. Ó ń dọ̀bálẹ̀ káàkiri pápá náà, bàbá fún ọmọ, ohun tí a kò rí rí. Kò pẹ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kú, kò mọ òtútù mọ̀ ìgbóná mọ́. Ó yí èkejì sí i, ìyẹn náà kú. Ìyá Kògbàgbé fẹ́ gbé e dìde, ó kọ̀. Ó di ojú rẹ̀, ó fi ìpéǹpéjú lé ilẹ̀, ó ń fi ìyẹn wá ọmọ rẹ̀ kiri.

Níkẹyìn, nǹkan kan fẹ́ sí ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó kéré, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó fi ọwọ́ tú òjò dídì, ó kan ẹnu ọparun tó ti ṣẹ́. Ó gbé ẹnu lé e.

“Àwẹ̀ró,” ló sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Kò sí ìdáhùn. Ó dúró. Lẹ́yìn náà ni ọparun náà gbọ̀n díẹ̀ sí ètè rẹ̀, kọ́, kọ́, ó sì dákẹ́.

Wọ́n wú u. Gbogbo ìlú wú u, láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, iná ti kú nínú ilé, Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀ sábẹ́ awọ onírun, ọmọ sì wà láyà rẹ̀. Òun nìkan ló bí i nínú òkùnkùn. Ojú rẹ̀ là, ó ń wo bàbá rẹ̀.

“Mo gbọ́ ẹsẹ̀ yín lórí òrùlé, bàbá,” ló wí. “Ẹsẹ̀ yín kì í ṣì mí mọ̀. Mo mi ọ̀pá. Mo gbọ́ tí ẹ kí mi, tí ẹ sì lọ.”

Ọdẹ́gbàmí na ọwọ́, ó gba ọmọ tuntun. Ọmọ náà kò ké, ara rẹ̀ tutù, ètè rẹ̀ ti dúdú. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá Kògbàgbé dá iná, wọ́n fi òjò dídì ṣe omi gbígbóná. Òrí ti le bí òkúta, Ọdẹ́gbàmí fi há abíyá títí ó fi rọ̀. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbé ọmọ lé e. Gbogbo ohun tí wọ́n fi iṣu kọ́ ọ ti fò lọ lórí rẹ̀. Ó kàn ń wẹ̀ ẹ́, ó ń ra á, ó ń fi òrí pa á láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó ké. Ó pẹ́. Ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ náà wá fa ojú ro, ó ya ẹnu, ó sì bú sẹ́kún. Gbogbo ará ìlú tó dúró sẹ́nu ọ̀nà fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín láìdún, wọ́n sì ń wo òkè. Òkè náà gbọ́, kò da ẹrù rẹ̀.

Ọdẹ́gbàmí wẹ ọmọ náà títí òjò dídì fi yọ́, tí ọkọ sì dé pẹ̀lú igi. Àwẹ̀ró kò bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láràárọ̀ ló ń gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, tó ń wo bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tó ń padà sílé ni Àwẹ̀ró ya díẹ̀ lára àkísà pupa náà, ó so ó mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́, ó ní kó máa bèèrè. Ó sì kúnlẹ̀ kí i, ojú Ọdẹ́gbàmí kò gbẹ títí tó fi dé òkè Jẹtíjẹtí.

Iwin fún un ní ìbọn rẹ̀. Ó bèèrè bóyá yóò fi ẹ̀kọ́ ilé sílẹ̀ báyìí. Ọdẹ́gbàmí ní rárá, òun kò ní fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun ti kọ́ ọ láti máa bèèrè ọ̀nà bó bá dé ìlú onílùú. Ìpàkọ́ náà ṣí ọ̀nà fún un.

Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀gá mi bá rí ààlè lórí ìdì igi ẹnikẹ́ni lẹ́bàá ọ̀nà, yóò dúró, yóò tẹríba sí i, yóò ní, “Ṣé ẹnìkan wà níbẹ̀?” Yóò dúró títí yóò fi dá a lójú pé kò sí ẹni tí yóò dáhùn, kó tó kọjá. Ojú máa ń tì mí nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin náà ti rí èmi tí mò ń ṣe é, mo sì ti gbọ́ tí ẹ ń sọ pé arúgbó ti ń bá igi sọ̀rọ̀.

Iṣu ti jinná, mo mọ̀. Ẹ fi sílẹ̀ ná. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ni mo ti ń wo ilẹ̀kùn Ìyá Ṣíjúwadé, oòrùn ti yọ, kò ṣí, èéfín kò sì jáde. Ìwọ tí o fi í ṣe yẹ̀yẹ́, dìde ká jọ lọ. Má kàn kí i láti ìta kí o sì máa bọ̀. Kan ilẹ̀kùn náà, kí o dúró kó dáhùn.